Bí mo ṣe tú èsì àyẹ̀wò ọkàn mi méjì tí kò bára mu

Oṣù mẹ́rin péré ló wà láàárín àyẹ̀wò ẹ́kò méjì tí mo ṣe, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ìró ya àwòrán ọkàn. Ti àkọ́kọ́ ní ẹnu fáàfù ọkàn mi fẹ̀ tó 1.4 cm². Ibòmíràn ni mo ti ṣe èkejì, òun ní 1.0. Mo sì ti gbọ́ pé tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 1.0, àìsàn náà ti le nìyẹn. Oorun dá lójú mi.

Fáàfù aortic ni tèmi, ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Ó ti gan, kì í ṣí tán mọ́. Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ kì í dunni: ẹ ó fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, wọ́n á fi nǹkan tútù pa yín láyà, ó parí.

Ohun tó dùn mí ni pé ìwé lásán ni wọ́n nà sí mi. Ẹni tó ṣe é ní dókítà ló máa ṣàlàyé, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo sì fi dúró de dókítà. Mo ti sunkún nítorí "EF 60%" tó wà nínú rẹ̀, mo rò pé ọkàn mi gba 60 nínú 100 ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. EF ni ìdá ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn, nínú 100, tí ọkàn ń tú jáde nígbà tó bá lù lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọkàn tó ń tú gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bí 55 sí 70 ni ti ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo wá tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì, mo ń fi rúlà tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá kọjá nínú fáàfù: mítà 3.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tẹ́lẹ̀, 3.3 báyìí. Ẹ̀rù mi rọlẹ̀ díẹ̀. Tí fáàfù bá tún fún sí i tó bẹ́ẹ̀, ṣebí ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa tú yàà bí omi inú rọ́bà tí a fi àtàǹpàkò dí lẹ́nu? Nígbà náà ni mo rí ìlà tí wọ́n kọ LVOT sí, ìyẹn bí ojú ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ fáàfù ṣe fẹ̀ tó: 2.2 cm nínú ti àkọ́kọ́, 1.9 nínú èkejì. Ibẹ̀ kì í ṣàdédé sún kì láàárín oṣù mẹ́rin lára àgbàlagbà!

Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa ń fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kí wọ́n tó ṣírò bí fáàfù ṣe fẹ̀ tó. Mílímítà mẹ́ta tí ẹnì kan ṣì wọ̀n ló gé 1.4 mi sí 1.0. Dókítà tún àwòrán méjèèjì wọ̀n lójú mi: 2.2. Ó ní àìsàn náà kò tíì le, ìwọ̀nba ni. Orí mi wú. Inú sì bí mi, torí mo ti sanwó àyẹ̀wò kẹta tí n kò nílò.

Tí mo bá tún un ṣe, ibì kan náà ni màá ti máa ṣe é, ìwé àtijọ́ á sì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ tí èémí bá ń ká yín lórí àtẹ̀gùn, tí àyà ń dùn yín, tàbí tí òòyì gbé yín ṣubú, ẹ má dúró ka nọ́ńbà kankan, dókítà ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ọdún tó ń bọ̀ ni tèmi tó kàn. Mo ti kọ 2.2 gàdàgbà sẹ́yìn fáìlì mi.