Ọjọ́ kan ní Beijing pẹ̀lú ìdílé: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí ó yẹ kí ẹ yẹra fún

Nígbà tí ìdílé bá ń múra láti lo ọjọ́ kan ṣoṣo ní Beijing, olú ìlú Ṣáínà, àṣìṣe tí ó kọ́kọ́ máa ń wáyé ni kí bàbá tàbí ìyá to orúkọ ibi márùn-ún sórí ìwé: Gbàgede Tiananmen, Ààfin Èèwọ̀, Odi Ńlá, Tẹ́ńpìlì Ọ̀run àti Ààfin Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì tún fi pẹ́pẹ́yẹ sísun kádìí rẹ̀ ní alẹ́. Lórí àwòrán ilẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n fara kan ara wọn, ṣùgbọ́n Badaling àti Mutianyu, àwọn apá Odi Ńlá tí àlejò ń lọ jù, wà ní nǹkan bí kìlómítà 70 sí àárín ìlú. Ẹni tí ó bá so Odi Ńlá mọ́ ààfin ní ọjọ́ kan náà yóò lo ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ọkọ̀, yóò sì fi ìkánjú wo ibi méjèèjì. Èrò mi ni pé ibi ńlá kan, pẹ̀lú ibi kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti tó fún ìdílé tí ó mú ọmọdé tàbí àgbàlagbà dání. Bí ọjọ́ kan ṣoṣo bá ni ẹ ní, kí ó jẹ́ Ààfin Èèwọ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Gugong, àti òkè Jingshan tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí Odi Ńlá dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo àṣìṣe, nítorí pé kò ṣeé tún ṣe ní ọjọ́ náà, ni lílọ sí ẹnu-ọ̀nà ààfin láì tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń rà á, ọjọ́ méje ṣáájú ni títà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, iye ènìyàn tí wọ́n sì ń gbà wọlé lóòjọ́ ní òdiwọ̀n. Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, ti àwọn ọmọdé pẹ̀lú, nítorí náà, bí ẹ bá ti pààrọ̀ pásípọ́ọ̀tù ọmọ kan láìpẹ́, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà tuntun ni ẹ kọ. Pásípọ́ọ̀tù náà gan-an ni kí ẹ mú lọ; ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ máa gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò rẹ̀ nínú fóònù. Gbàgede Tiananmen, tí ó wà níwájú ààfin, ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí a kò tilẹ̀ san owó níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ èyí títí wọn yóò fi dé ibi àyẹ̀wò.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà dáadáa. Ààfin kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé, àfi bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi gbogbogbòò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá ni mo fẹ́ kí àwọn ará Nàìjíríà ṣọ́ra fún jù, nítorí pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù yẹn tí àwa ń ṣe àjọ̀dún òmìnira ni Ṣáínà náà ń ṣe àjọ̀dún orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Ìsinmi wọn gùn ju tiwa lọ, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láti gbogbo ìgbèríko ni ó sì ń wọ́ wá sí olú ìlú ní àkókò náà. Ìsinmi ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún pẹ̀lú kì í ṣe ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn kó ọmọdé lọ síbẹ̀.

Àwọn ìdílé kan ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún gbé ara wọn lọ sí ẹnu-ọ̀nà àríwá, Shenwumen, nítorí pé ibẹ̀ ni takisí já wọn sí. Ibi ìjáde nìyẹn. Gúúsù nìkan, ní Wumen, ni a ti ń wọlé, ẹni tí ó bá sì ṣì í yóò fi ẹsẹ̀ yí ògiri ààfin ká, nígbà tí agbára àwọn ọmọ ṣì yẹ kí ó pé. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni ó dára jù: ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Tian'anmen East lórí Ọ̀nà Kìn-ín-ní. Gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin náà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ àpò wò, wọ́n sì tún ń yẹ̀ ẹ́ wò ní àgbègbè gbàgede, nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tí ẹ fẹ́ fi gé èso sínú àpò oúnjẹ ọmọ.

Nínú ààfin, àṣìṣe tí ó dùn mí jù láti rí ni kí òbí máa fa ọmọ lọ ní tààrà láti gúúsù sí àríwá, kí wọ́n ya fọ́tò níwájú gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jáde. Ibẹ̀ gùn tó mítà 961, ó fẹ̀ tó mítà 753, kò sí igi nínú àwọn àgbàlá ńlá iwájú, oòrùn oṣù Keje sì le lórí òkúta. Ọmọ tí a kò sọ ìtàn kankan fún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí ó tó dé àárín. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí ẹ tó kúrò nílé pé ọdún 1420 ni wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ lábẹ́ ọba Yongle, pé ọba 24 ni ó jẹ níbẹ̀, àti pé Puyi tí ó jẹ kẹ́yìn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n fi í jọba ní ọdún 1908. Ní gbọ̀ngàn Taihedian, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka àwọn ẹranko kéékèèké tí ó tò sí igun òrùlé lẹ́yìn ọkùnrin tí ó gun ẹyẹ: 10 ni wọ́n, kò sì sí ilé mìíràn nínú ààfin tí tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé iye wọn ni ó ń fi ipò ilé hàn. Ẹ fi àwọn ìkòkò ńlá onídẹ àti onírin hàn wọ́n, èyí tí wọ́n ń pọn omi sí nítorí iná, tí wọ́n sì ń dáná sí nísàlẹ̀ ní ìgbà òtútù kí omi má bàa dì. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn Baohedian, òkúta gbígbẹ́ kan wà tí ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 200 lọ. Ojú ọ̀nà tí wọ́n da omi sí ní ìgbà òtútù, tí ó di yìnyín, ni wọ́n fi wọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ wọ ìlú. Lẹ́yìn èyí, ẹ yà sí àwọn àgbàlá ìlà-oòrùn tàbí ti ìwọ̀-oòrùn, níbi tí èrò ti dín, kí ìyá àgbà lè rí ibi jókòó.

Ẹ má ṣe rò pé fóònù yín yóò ṣiṣẹ́ bí ti ilé. Google, WhatsApp, Facebook àti YouTube kì í ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì Ṣáínà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ takisí kò sì lè ka àdírẹ́sì tí a fi lẹ́tà tiwa kọ, nítorí náà, kí olúkúlùkù àgbà inú ìdílé ní ìwé tí a fi èdè Ṣáínà kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì sí. Alipay àti WeChat, àwọn áàpù orí fóònù, ni gbogbo ènìyàn fi ń sanwó. Ẹ so káàdì yín mọ́ ọ̀kan nínú wọn kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ bi báńkì yín léèrè bóyá káàdì náà ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí ẹ sì mú owó yuan díẹ̀ dání. Kí ó má jẹ́ fóònù bàbá nìkan ni ó lè sanwó, nítorí bí bátìrì rẹ̀ bá kú, gbogbo ilé dúró nìyẹn.

Ní ti oúnjẹ, ìdílé Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ rò pé ẹran tí a kò dárúkọ kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Àmì 清真, tí ó túmọ̀ sí hàláàlì, ni kí ẹ wá lójú ilé oúnjẹ. Àdúgbò Niujie, níbi tí mọ́sálásí kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 996, kún fún irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo ìdílé má mu omi ẹ̀rọ láì sè é, kí ẹ sì mú tíṣù dání fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Àwọn kan yóò fẹ́ ya fọ́tò àwọn ọmọ yín, pàápàá àwọn tí ó wá láti ìgbèríko, nítorí pé wọn kì í sábà rí ènìyàn dúdú. Ẹlòmíràn yóò na ọwọ́ sí irun ọmọ. Ẹ má ṣe fi ipá mú ọmọ láti dúró kí a má bàa pè yín ní aláìlọ́yàyà. Kí ẹ ju ọwọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa bá pè yín wá mu tíì nítòsí Tiananmen tàbí òpópónà ìtajà Wangfujing, ẹ má ṣe tẹ̀ lé e, nítorí pé owó tí wọn yóò ní kí ẹ san lẹ́yìn ife méjì lè kó ìdààmú bá gbogbo ìrìn àjò náà.

Bí ẹ bá jáde ní àríwá, ẹ sọdá sí Jingshan. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú yàrà omi tí ó yí ààfin ká ni wọ́n fi mọ òkè náà, láti orí rẹ̀ ni ẹ óò sì ti rí gbogbo òrùlé aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ ti rìn lábẹ́ wọn. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ tí kò ní mítà lọ́wọ́ àwọn tí ń pe èrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ bá ń padà. Inú Alipay ni ẹ ti lè pe Didi, ọkọ̀ tí a ń fi fóònù pè, ẹ óò sì rí iye owó rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Bí ó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ wá oúnjẹ jẹ nítòsí ibẹ̀ títí di lẹ́yìn aago méje, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kún ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lè ti dé ilé wọn.