₦97,400 kí n tó mọ ohun tí MCV ń sọ

₦97,400. Ẹ̀yìn ìwé tí mo máa ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí ni mo ti ro gbogbo owó tí mo ná sórí àárẹ̀ kan pọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n igbáàyà ìyá kan ní Ẹlẹ́yẹlé. Oògùn tó wá ṣiṣẹ́ níkẹyìn kò tó ₦2,000. Ohun tó ń ká mi lára jù nìyẹn.

Aránṣọ ni mí, n'Íbàdàn. Àìsàn náà kò dá mi dùbúlẹ̀. Mo kàn ń jí láràárọ̀ bíi pé mo gún iyán mọ́jú ni. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi kò ju mẹ́jọ lọ, tí mo bá dé orí ìkarùn-ún, mo gbọ́dọ̀ dúró mí. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo rán inú léèsì oníléèsì síta, tí mo sì rán an tán. Ọmọ iṣẹ́ mi wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ rí dókítà o."

Ibà ni gbogbo ayé pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tọ́jú ibà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Widal, ó jáde ní 1:160, wọ́n ní ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń gba abẹ́rẹ́, ìdí mi le bí pákó, àárẹ̀ náà kò lọ síbì kankan. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé Widal kì í wo kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi bá a jà ló ń wò, ìyẹn sì lè kù lára láti ìgbà àìsàn àtijọ́. Ní ilẹ̀ tí táífọ́ọ̀dù ti pọ̀ bíi tiwa, ẹni tí nǹkan kan kò ṣe lè ní irú nọ́ńbà yẹn.

Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ pé kí wọ́n bá mi ṣe FBC, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lódindi. ₦4,000. PCV mi (ìwọ̀n tí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 32, Hb (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀) 10.4, MCV 71, lẹ́tà L, ìyẹn pé ó kéré, wà níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé e lọ sí kẹ́míìsì, ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ wo PCV nìkan. "Ẹ̀jẹ̀ yín dín díẹ̀, kò burú fún obìnrin. Ẹ ra tọ́níìkì." Kò burú fún obìnrin! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí Hb obìnrin tí kò lóyún bá ti wà nísàlẹ̀ 12, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Èmi kò mọ̀ nígbà yẹn, mo ra ìgò tọ́níìkì méjì. Ó dùn bí omi ṣúgà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní àìtó fítámì B12 ni, ó rí i lórí fóònù. Mo lọ san ₦38,000 fún àyẹ̀wò B12 àti fítámì D. Àwọn méjèèjì pé. Inú ọkọ̀ ni mo ti sunkún.

Dókítà obìnrin tó wá rí ìdí ọ̀rọ̀ kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó fa ìpéǹpéjú mi ìsàlẹ̀, inú rẹ̀ funfun. Ó ní, "Ṣé ẹ kì í jẹ yìnyín?" Ẹ̀rín pa mí. Ta ló sọ fún un? Mo ní pọ́ọ̀ wọ́tà tó ti dì nínú fíríìsà tí mo máa ń gbá mọ́ etí tábìlì, tí màá sì máa rún un wẹ́wẹ́ láti àárọ̀ títí dalẹ́, àfi bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ó tún bèèrè nǹkan oṣù mi, ọjọ́ mẹ́jọ, páàdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá fi bírò kan 71 lórí ìwé ₦4,000 yẹn.

Ó ní MCV ni bí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi tó. Láàárín 80 sí 100 ló yẹ kó wà. Tí B12 tàbí folate (fítámì mìíràn) kò bá tó, hóró náà sábà máa ń tóbi. Tí irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ó máa ń kéré. (Àìtó méjèèjì lè pàdé lára ẹnì kan kí wọ́n bo ara wọn mọ́lẹ̀ o, ó kìlọ̀ fún mi.) Tèmi kéré. Ìwé tó ti wà nínú báàgì mi láti oṣù kan ti sọ̀rọ̀, èmi ni mo lọ fi ₦38,000 bi ìbéèrè mìíràn.

Ó kù ferritin. Ferritin ni àká tí ara ń kó irin pamọ́ sí. Dókítà ní òun kò fẹ́ fi ojú dá a, torí àwọn kan wà tí wọ́n jogún ẹ̀jẹ̀ kéékèèké láti ilé, tí irin wọn sì pé.

Láàbù gba ₦16,500. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin, "Ẹ padà wá lọ́la." Ọjọ́ kẹfà, wọ́n ní Èkó ni wọ́n ń gbé e lọ, àwọn kò ní ẹ̀rọ rẹ̀ níbí. Ṣé kò yẹ kí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó sanwó ni? Ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọbìnrin tó wà níwájú, tí kò gbójú kúrò lórí fóònù, ní ẹ̀jẹ̀ náà ti fọ́ lójú ọ̀nà, kò ṣeé lò mọ́, kí n wá fún wọn ní òmíràn, kí n sì mú ₦3,000 owó ọkọ̀ dání.

Èmi kọ́ ni mo ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́, kí ló dé tí èmi máa san owó ọkọ̀! Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo yọ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú báàgì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn etí aṣọ. Àwọn tó ń wọlé ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ń ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pé wákàtí kan tí ọ̀gá wọn fi jáde wá. Wọn kò gba kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ náà gún mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí iṣan, apá mi dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ méje mìíràn kí èsì tó dé sórí WhatsApp. 5. Lórí ibi tí wọ́n ti kọ akọ tàbí abo, wọ́n kọ M. Èmi, ọkùnrin! Mo tún sáré padà lọ, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni. Wọ́n wo nọ́ńbà ìgò, tèmi ni. Dókítà kàn rẹ́rìn-ín, ó ní 15 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi pààlà fún àgbàlagbà, akọ ni o, abo ni o, 5 kò tó.

Oògùn irin ló kọ fún mi, ferrous sulphate 200, ẹyọ kan láàárọ̀ pẹ̀lú ọsàn. Tíì mi ni mo gbé kúrò nídìí oúnjẹ àárọ̀, torí ó ń dí irin lọ́wọ́, ìyẹn sì dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà, àyà mi já kí n tó gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ọ̀sẹ̀ kejì, yìnyín kò wù mí mọ́. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Hb di 11.9, mo sì gun àtẹ̀gùn mi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pẹ̀lú yáàdì ogún lọ́rùn.

Onídìrí ìsàlẹ̀ ti ń gbé ìwé àyẹ̀wò wá bá mi báyìí. MCV ni mo kọ́kọ́ ń wá. Màá bi í bóyá ibà ń ṣe é lọ́wọ́, torí ibà lè gbé ferritin sókè kó tan èèyàn jẹ. Màá ní kó bi láàbù bóyá àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é kó tó yọwó. Lẹ́yìn náà ni màá lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ti irin, irin àjẹjù náà sì ń pani lára.

Dókítà ń fura sí ìju (fibroid) nídìí ẹ̀jẹ̀ oṣù mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni scan. Mo ti ṣí ojú ìwé tuntun sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ìwé ìwọ̀n, ₦7,000 ni mo kọ síbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù.