Igi róòsì yín ń kú lọ? Ẹ má tíì hú u dànù

Ṣé igi róòsì yín ń rọ, ewé ń pọ́n ó ń já bọ́, òdòdó ò yọ mọ́, ẹ sì ti ń wò ó pé kẹ́ ẹ kúkú hú u sọnù? Ẹ ní sùúrù ná. Róòsì kì í tètè kú bẹ́ẹ̀ o. Ìkánjú wa ló sábà máa ń parí iṣẹ́ fún un: a rí i pé ó ń rọ, a bomi sí i, kò gbọ́, a tún bomi sí i, a wá da ajílẹ̀ lé e lórí, ó bá kú tán. Torí náà, ẹ gbé ajílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ló máa kẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀mí ṣì ń bẹ lára ẹ̀. Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka díẹ̀, látòkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ibi tí abẹ́ èèpo bá ti tutù tó ní àwọ̀ ewé, ààyè nìyẹn, ibi tó bá gbẹ tó dúdú, òkú ni. Òkè lè ti kú pátápátá kí ìdí ṣì tutù, ìyẹn náà ṣì ń sọjí.

Ẹ wá ki ìka bọ ilẹ̀ ìdí ẹ̀, kó wọlé dáadáa. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí èyí tí òǹgbẹ ń gbẹ àtèyí tómi ń pa, bákan náà ni wọ́n ń ṣe, ewé á rọ, á pọ́n, á já. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ bomi sí i kó mu dénú. Àmọ́ tó bá rin gbingbin, tó tún ń rùn, gbòǹgbò ò ráyè mí nìyẹn, ó ti ń jẹrà, ẹ dáwọ́ omi dúró. Ẹ gbẹ́ ihò kan sítòsí ẹ̀, kó jìn tó 30 cm, ẹ rọ omi kún un, tó bá di ọjọ́ kejì tómi ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ yẹn ò dáa fún un, ẹ ṣí i lọ síbi tó ga, tàbí kẹ́ ẹ kọ ebè fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tómi wọlẹ̀ dáadáa sàn ju kẹ́ ẹ máa wọ́n ọn fín-ín fín-ín lójoojúmọ́, àárọ̀ ló dáa jù, ìdí igi lẹ máa bu ú sí, kì í ṣe orí ewé. Ẹ rí àmì dúdú róbótó tó máa ń wà lára ewé róòsì yẹn, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ máa ń pọ́n? Ebu ló ń fà á, ewé sì gbọ́dọ̀ wà ní tútù fún bíi wákàtí 7 kí ebu náà tó lè wọ̀ ọ́ lára. Ewé tó bá ti ní in, ẹ já a, ẹ ṣa èyí tó wà nílẹ̀ náà, ẹ kó o dànù, ẹ má dà á sínú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀.

Ó kan gígé. Ẹ fi sípírítì nu ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn (ẹ̀gún ẹ̀ ò mojú olówó ẹ̀). Gbogbo ẹ̀ka tó ti kú, ẹ gé e títí inú ẹ̀ á fi funfun, tẹ́ ẹ bá ṣì rí búráùn láàárín, ẹ tún gé e sísàlẹ̀ sí i. Ẹ gé e ní dídàgẹ̀rẹ̀, díẹ̀ báyìí lókè ojú (ibi tí èèhù ti máa ń yọ lára ẹ̀ka) tó kọjú síta, kí èèhù tuntun lè yà síta, kí atẹ́gùn máa ráyè gbàárín igi kọjá. Ẹ̀ka méjì tó ń ha ara wọn, ẹ yọ ọ̀kan. Ààyè ẹ̀ka ńkọ́? Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára ò tíì sí lára ẹ̀. Bí ibi tẹ́ ẹ wà bá máa ń tutù gan-an, ẹ jẹ́ kí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀ ná.

Kòkòrò wínníwínní tó ń mu omi ara èèhù, ẹ fi omi tó lágbára fọ̀n wọ́n dànù, ó tán.

Ọ̀pọ̀ róòsì, gbòǹgbò róòsì mìíràn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ máa rí kókó nídìí ẹ̀. Èèhù tó bá yọ lábẹ́ kókó yẹn, ọmọ onílé kọ́, oúnjẹ igi yín ló ń jẹ. Ẹ tọpa ẹ̀ débi tó ti yọ, ẹ fà á ya, torí tẹ́ ẹ bá kàn gé e, á tún hù.

Ìgbà tí ewé tuntun bá ti yọ dáadáa ni kẹ́ ẹ tó fún un lájílẹ̀, díẹ̀ sì ni, lórí ilẹ̀ tó tutù, kó má baà jó gbòǹgbò. Kó sì máa rí oòrùn wákàtí 6 lójúmọ́ ó kéré tán o, láìsí ìyẹn, òdòdó ò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ.

Tí àsìkò híhù bá wá dé tó kọjá, tí èékánná ò rí tútù kankan títí dé ìdí, ó ti lọ nìyẹn, ẹ hú u. Ẹ má ṣáà gbin róòsì míì sójú ibẹ̀ gan-an, kì í sábà ṣe dáadáa níbi tí róòsì ti wà tẹ́lẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá kó yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kúrò tẹ́ ẹ sì kó tuntun sí i.