Kànga Kẹta: Ọdún Kan Tí Mo Fi Jẹ Ààrẹ Ẹgbẹ́ Rotary Wa

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2023 ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n oyè ààrẹ kọ́ mi lọ́rùn. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, torí orúkọ gbogbo ẹni tó ti jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n fín sára àwọn irin pẹlẹbẹ tó so mọ́ ọn, tèmi ló kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Rotary kan ní Ìbàdàn ni mò ń sọ, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ àánú fún ará ìlú káàkiri ayé. Apòògùn ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré kan, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la sì máa ń ṣèpàdé. Níbi gbogbo tí Rotary wà láyé, ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ọdún ẹgbẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ló ń parí. Oṣù méjìlá péré ni ààrẹ ní lọ́wọ́.

Àkókò tí mo gbà á kò rọgbọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù kan tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà kan tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà ti kọjá 500. Náírà ń já wálẹ̀ lójú dọ́là, bẹ́ẹ̀ dọ́là ni olú iléeṣẹ́ Rotary ní Evanston, ní Amẹ́ríkà, fi ń ṣírò owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń san lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo dépò, àwọn mẹ́ta fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní bóyá kí àwọn kúkú dúró sílé fúngbà díẹ̀. N ò bá wọn jiyàn. Mo ní kí wọ́n ṣì máa bọ̀ ná, a ó jọ wá nǹkan ṣe sọ́rọ̀ owó. Mo wá sọ fún ìgbìmọ̀ wa pé iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo la máa ṣe lọ́dún yìí, ká sì ṣe é dójú àmì. A fẹnu kò sórí omi: a máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tuntun fún abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí ìyá ọ̀kan nínú wa ti wá.

Oṣù Kẹjọ la kọ lẹ́tà sí àwọn èèyàn. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣerú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé lẹ́tà nìkan kì í mówó wá. Ẹni tí mo kọ lẹ́tà sí tí n kò yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò fún wa ní kọ́bọ̀. Ẹni tí mo jókòó tì, tí mo kí, tí mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kódà bí kò bá lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, á ránṣẹ́ pè mí nígbà tó bá yá. Lóṣù Kẹsàn-án, a se àsè alẹ́ kan, a fi ańkárá aláwọ̀ búlúù ṣe aṣọ ẹgbẹ́, a sì fi owó díẹ̀ lé orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Èrè orí ańkárá yẹn ju owó tíkẹ́ẹ̀tì àsè gan-an lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré aṣọ ẹbí.

Owó kékeré náà ń wọlé. Ipò kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí à ń pè ní Sergeant-at-Arms. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹni tí kò lẹ báàjì, ẹni tí fóònù rẹ̀ dún nígbà ìpàdé, òun ló ń bu owó ìtanràn lé wọn. Ẹni tínú rẹ̀ dùn náà ń sanwó ayọ̀: ọmọ rẹ̀ gboyè, ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì, ara rẹ̀ yá. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìpàdé ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ la ti ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ara wa. Àpótí páálí ni à ń ju owó náà sí. Ẹ fi í sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá sórí àpótí yẹn.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹwàá, ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń rántí ìjà sí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ (polio), a dé fìlà pupa, a rìn, a pín ìwé, a sì gba ọrẹ. Ó wù mí kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ìtàn yìí. Ọdún 1985 ni Rotary gbé ètò PolioPlus kalẹ̀ láti fi àjẹsára gbógun ti àrùn yìí. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya dá àjẹsára náà dúró lọ́dún 2003, ọmọ Nàìjíríà kan, Jonathan Majiyagbe, agbẹjọ́rò láti ẹgbẹ́ Kano, ló wà lórí àga ààrẹ Rotary lágbàáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ìlú rẹ̀ gan-an niná ń jó. Ọdún 2016 ni a rí àwọn ọmọ tí kòkòrò àrùn náà (èyí tó ń wá fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe látara àjẹsára) mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní Borno, ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 2020 sì ni wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní agbègbè Áfíríkà tí àjọ ìlera àgbáyé (WHO) ń bójú tó. Àjọ Gates, àjọ ìtọrẹ àánú Bill Gates, máa ń fi dọ́là méjì kún dọ́là kan tí Rotary bá kó jọ fún iṣẹ́ yìí, dé ìwọ̀n 50 mílíọ̀nù dọ́là tí Rotary bá kó jọ lọ́dún. Nítorí náà, bí ìyá kan bá fi náírà díẹ̀ sọ́wọ́ mi lẹ́bàá ọ̀nà, mo máa ń sọ fún un pé owó rẹ ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti dá, la tó lọ sí abúlé náà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: ó yẹ ká ti lọ kí a tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. A ti gbowó lórúkọ ohun tí a kò bá onílé sọ. Ẹ̀bi yẹn, tèmi ni, torí èmi ni ààrẹ.

Baálẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin kí wa, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ibi tí a bá fẹ́ gbẹ́ ẹ sí ló dára. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, lórí àpótí àti odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo bi Baálẹ̀ bóyá kò ní bínú kí àwọn ìyá náà sọ̀rọ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ló dìde. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹ tó jókòó, ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀."

Ó mú wa yípo abúlé. Kànga ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta! Èyí àkọ́kọ́ ti dí pátápátá. Èkejì, wọ́n ti jí sùmó inú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè. Ẹ̀kẹta ní táńkì lórí irin gíga, pátákó ńlá tó gbé orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ wà lára rẹ̀, koríko sì ti bo ẹnu ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́rin ni kò ti dá omi. Àwọn ọmọdé ń lọ pọn omi nínú odò tó ti ń gbẹ. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kọjú sí mi. "Ìyá Ààrẹ, bí ẹ bá gbẹ́ ìkẹrin, ta ni yóò máa tún un ṣe?"

N kò ní èsì. Nígbà tí a ń padà sí Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò.

Ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e gbóná. Àwọn kan ní kí a gbẹ́ tuntun tiwa, ohun tí a sọ fáráyé nìyẹn, àtúnṣe kì í ní pátákó, ta ni yóò mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan. Àwọn kan ní ilẹ̀ àpáta ni agbègbè Ìbàdàn, èèyàn lè gbẹ́ kó má kan omi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kẹta yẹn ti kan omi rí. Bàbá kan nínú wa, tó ti jẹ ààrẹ nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, ló ní kí a ka ìbéèrè mẹ́rin tí à ń kà ní gbogbo ìpàdé. Ọ̀gbẹ́ni Herbert Taylor ló kọ ọ́ ní Chicago láyé àtijọ́, èyí àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì ni pé: ṣé òtítọ́ ni? Bàbá ní, "Ẹ ti gbowó fún kànga tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe àtúnṣe, ẹ lọ sọ fún olówó. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ dá owó padà." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Èmi àti akápò la pín àwọn olówó náà láàárín ara wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi rìn. Mo mú fọ́tò kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́, mo sì máa ń sọ pé, "Ohun tí a sọ fún yín tẹ́lẹ̀ kọ́ la bá níbẹ̀. Owó yín rèé o. Ẹ lè gbà á padà, ẹ sì lè jẹ́ ká fi ṣe èyí." Ẹnìkan ṣoṣo ló gba owó rẹ̀, mo kà á fún un, mo dúpẹ́. Méjì fi kún un. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún náà, ìrìn yìí ló le jù, òun náà ni mo sì fi ń yangàn jù.

Àtúnṣe kànga kẹta fúnra rẹ̀, bí a ṣe tò ó nìyí. A kọ́kọ́ bá Baálẹ̀ tọrọ àyè kọ sílẹ̀ pé kànga náà jẹ́ ti abúlé, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà la fa páìpù àti sùmó tó ti jóná jáde, a fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fọ kànga títí ẹrẹ̀ fi tán, a wá fa omi látàárọ̀ dalẹ́ láti mọ bóyá á gbẹ. Kò gbẹ. A gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, owó inú àpótí páálí yẹn la sì fi san án: owó ẹni tó pẹ́ dé àti owó ẹni tó bí ìbejì. Sólà la so mọ́ ọn dípò jẹnẹrétọ̀, torí kò sí abúlé tó lè máa ra epo lówó tó dé yẹn. Ẹni tó ta sùmó fún wa kọ́kọ́ gbé èyí tí agbára rẹ̀ kò tó iye tí a san wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lábúlé, tó ń tún ọ̀kadà ṣe, ló ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tó sì pè mí. A dá a padà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà la ní kó jókòó ti àwọn oníṣẹ́ títí wọ́n fi parí, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń tú u àti bí wọ́n ṣe ń tò ó.

Ìgbìmọ̀ omi jẹ́ obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin méjì. Àwọn fúnra wọn ló bu 20 náírà lé kẹ́ẹ̀gì kan, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í san. Kò sí pátákó. A kun táńkì, ọmọ ilé ìwé kan sì fi ọ̀dà kọ ọjọ́ tí a tún un ṣe sí i.

Lóṣù Kejì a lọ sọ́jà Bódìjà, a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà fún àwọn oníṣòwò. N kò fẹ́ fa ìyẹn gùn, àmọ́ ó dùn mí bí iye ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga tí wọn ò mọ̀ ṣe pọ̀ tó. A kọ ìwé fún wọn lọ sílé ìwòsàn ìjọba, mo sì ní kí àwọn tí ṣọ́ọ̀bù mi bá yá lọ́nà máa yà wá tún un wọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó kù ni ti ìdàpọ̀ wa. Lóṣù Kíní, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ pàdánù ọkọ rẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ náà títí di ọjọ́ kẹjọ, kò sí alẹ́ tí kò sí ọmọ ẹgbẹ́ nílé rẹ̀. A ò ṣètò rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá mi jiyàn jù lọ lórí pátákó ló gbé àga àti kánópì wá, òun ló sì ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Nígbà tó di àsìkò àtisan owó dọ́là, arábìnrin wa yìí ní òun kò ní lè san. Àwọn kan ti san án kó tó sọ bẹ́ẹ̀, mi ò tíì mọ àwọn tó san án dòní. Àwọn méjì yòókù náà kò lọ mọ́.

Ní ìparí oṣù Kẹfà 2024, mo bọ́ ẹ̀wọ̀n náà kọ́ ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ mi lọ́rùn. Mo ti pe Baálẹ̀ síbi àṣeyẹ náà. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ni Baálẹ̀ rán wá, òun àti ọmọọmọ rẹ̀ obìnrin kan tó gbé ìwé àkọsílẹ̀ wá. Wọ́n ní kí àlejò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ka iye owó omi tó wọlé lóṣooṣù, ó ka iye tó jáde. Nígbà tó dé oṣù Kárùn-ún, ó ka pé wọ́n ra ẹnu ẹ̀rọ tuntun kan àti téèpù, wọ́n sì sanwó iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe yẹn.

Mo bi Ìyá pé kí ló ṣẹlẹ̀ tí a kò gbọ́.

Ó ní, "Ó ń jo ni. Ọjọ́ kejì la tún un ṣe. A ò rí ìdí tí à bá fi pè yín."