Iyùn àti Owó Ẹyọ Lábẹ́ Ìdérí Dígí

Ohun tí a bá tò sábẹ́ ìdérí dígí fún wíwò, ìyẹn dígí tó rí bí ife ńlá tí a dojú rẹ̀ dé, tó ní kókó lórí, eruku kò ní bà lé e, ọwọ́ ọmọdé kò sì ní tètè tó o. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó bá a wọlé ni yóò máa bá a gbé níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ní ọ̀rinrin, tàbí tí kòkòrò ti wà nínú ẹrù, ńṣe ni dígí máa sé e mọ́ ọn lára. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tó ṣáájú dídé fi ṣe pàtàkì ju títò ẹrù lọ. Iyùn àti owó ẹyọ la máa gbájú mọ́, torí àwọn ló wọ́pọ̀ nínú àpótí àwọn ìyá àgbà, àwọn náà ló sì máa ń tètè bàjẹ́ lábẹ́ dígí bí a kò bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wọn ẹrù kí ẹ tó ra dígí. Ẹ tò ó bó ṣe máa dúró gan-an, kí ẹ wá fi téèpù wọn gíga àti fífẹ̀ rẹ̀. Gíga ẹrù kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga inú dígí lọ, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sì ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Dígí tí inú rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó fẹ̀ ní 18, máa gba ohun tó ga tó 22, tó sì fẹ̀ tó 12. Inú ni kí ẹ wọn, kì í ṣe ìta. Àwọn tó ń tà á lè ka kókó orí rẹ̀ mọ́ gíga, òkè dígí sì máa ń fún wọnú, tí ẹrù tó fẹ̀ lórí á fi máa kàn án. Ike tó mọ́ gaara wà tó jọ dígí. Ó fúyẹ́, kì í fọ́ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń nù ún ló tún ń fa eruku mọ́ra, ara rẹ̀ sì tètè máa ń họ. Dígí gidi sàn jù.

Ìsàlẹ̀ tí dígí ń jókòó lé ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Pátákó tuntun, páìlíùdì àti MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gúlù tẹ̀) máa ń tú afẹ́fẹ́ kíkan jáde, irú èyí tó wà nínú fínígà. Nínú yàrá tó ṣí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lábẹ́ dígí, kò rí ibi gbà jáde. Ohun tí ìkarahun ìgbín jẹ́ ni iyùn àti owó ẹyọ jẹ́, ohun kíkan sì máa ń jẹ wọ́n. Bó bá pẹ́, ìyẹ̀fun funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára owó ẹyọ, dídán rẹ̀ á lọ, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ tánganran, mábù tàbí irin ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ onígi lẹ ní, ẹ fi fóìlì ìdáná bo ojú rẹ̀ pátápátá, kí ẹ ká etí fóìlì náà sí abẹ́, kí ẹ tó tẹ́ aṣọ lé e. Ọ̀dà máa ń dín afẹ́fẹ́ kíkan náà kù, kì í dá a dúró, ọ̀dà tuntun fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 níta kí òórùn rẹ̀ tó lọ.

Aṣọ òwú tí a ti fọ̀, tí kò ní sítáàṣì, ló dára láti tẹ́, torí kòkòrò fẹ́ràn sítáàṣì. Adìrẹ ẹlẹ́lú ló ń gbé pupa iyùn yọ jù lójú tiwa. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Bí aró bá ràn mọ́ ọn, ẹ tún un fọ̀. Ìdánwò kan náà ni fún àrán.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku ara iyùn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi, torí okùn inú rẹ̀ máa mu omi, á sì jẹrà. Ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà àti bílíìṣì kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Bí ẹ bá fi fínígà nu dígí fúnra rẹ̀, ẹ fi omi lásán tún un nù, kí ó sì gbẹ fún odindi ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ní sẹ̀gi, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iyùn. Dígí lòun fúnra rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn wú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ dígí jáde ní 2011 àti 2012, níbi tí wọ́n ti ń ṣe dígí láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15.

Igbá, ìyẹ́ àti ère igi lè ní kòkòrò nínú. Bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ère, ẹ fi ọ̀rá wé e dáadáa, kí ẹ gbé e sínú fìrísà tó tutù dé -18°C fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí iná bá lọ tí yìnyín yọ́, ẹ tún ọjọ́ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kòkòrò lè yè é. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó lo wákàtí 24 nínú yàrá kí ẹ tó tú ọ̀rá, kí omi lè sẹ̀ sí ara ọ̀rá dípò ara ère. Èyí tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí kò yẹ kó dé fìrísà.

Ọjọ́ tí ẹ máa dé e ṣe pàtàkì. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù; nígbà òjò, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù fún wákàtí 2 ṣáájú. Fún dígí tí a wọ̀n lókè yẹn, sílíkà, ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu, gírámù 10 tó, ìyẹn àpò kéékèèké 2 bí irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà. Ẹ fi pamọ́ sí abẹ́ aṣọ. Èyí tó ní àwọ̀ dára jù: bí àwọ̀ ọsàn rẹ̀ bá di àwọ̀ ewé, ó ti mu omi yó, ẹ dà á sínú abọ́ irin kí ẹ fi í sínú ààrò ní 110°C fún wákàtí 2. Ère igi ò fẹ́ sílíkà, torí gbígbẹ jù máa ń là á. Ẹ fi aṣọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta gbé etí dígí tirẹ̀ sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé.

Ní ti títò, ẹ dojú ife gíláàsì dé, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ ká iyùn mọ́ ọn lára láti òkè wá sísàlẹ̀. Owó ẹyọ 5 tàbí 7 nísàlẹ̀ ti tó. Bó bá ti pọ̀ jù, ojú ò ní mọ ibi tó máa wò. Ẹ má fi súpà gúlù lẹ ohunkóhun, torí èéfín rẹ̀ máa ń di funfun sára dígí láti inú. Ìda oyin díẹ̀ tó láti mú owó ẹyọ dúró. Àbẹ́là kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ dígí: yóò kú fún àìrí afẹ́fẹ́, ooru rẹ̀ sì lè la dígí. Bí ẹ bá fẹ́ iná, kó jẹ́ LED, kí bátìrì rẹ̀ wà níta, torí bátìrì tó ti gbó máa ń ṣomi.

Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé dígí láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi kókó orí rẹ̀ gbé e. Kí ó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí etí tábìlì, kí oòrùn má sì tàn sí i tààrà, torí oòrùn máa ń ṣá àwọ̀ èlú. Ẹ má gbé e sórí ohun tí gbohùngbohùn tàbí jẹnẹrétọ̀ ń mì. Díẹ̀díẹ̀ ni dígí á máa rìn lọ sétí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé dígí sókè díẹ̀ kí ẹ fi imú gbọ́ òórùn abẹ́ rẹ̀ kíákíá. Bó bá kan, ìsàlẹ̀ yẹn kò dára, ẹ kó ẹrù kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí omi bá hàn bí ìrì láti inú, aṣọ tàbí okùn kan ò tíì gbẹ. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 kí ó tó hùkasì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ṣí i ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ wo sílíkà àti okùn iyùn.