Bí a ṣe ń túmọ̀ "border" sí Yorùbá

Ọ̀pọ̀ atúmọ̀ èdè máa ń kọ "ààlà" níbikíbi tí wọ́n bá ti rí "border". Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nítòsí rẹ̀: kí ni wọ́n ń fi border náà ṣe?

Bí wọ́n bá ń pa á, tàbí tí wọ́n ń jà lé e lórí, ààlà ni. Ààlà ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pa ní 1889, tí ìlú Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, fi bọ́ sápá Faransé.

Bí wọ́n bá ń ṣí i, tí wọ́n ń tì í, tàbí tí wọ́n ń gbowó níbẹ̀, ibodè ni. Ẹnu odi ìlú ni ibodè láyé àtijọ́, oníbodè ló sì ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò tó fẹ́ wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe kọ́sítọ́ọ̀mù ní aṣọ́bodè. Ní oṣù kẹjọ 2019, ibodè ni ìjọba Nàìjíríà tì. Ààlà kò ní ilẹ̀kùn.

Gbólóhùn tó máa ń tan èèyàn jù ni "smugglers crossed the border". Bí ẹ bá kọ pé àwọn onífàyàwọ́ gba ibodè kọjá, ẹ ti mú wọn gba iwájú aṣọ́bodè, ẹni tí wọ́n ń sá fún gan-an. "Wọ́n sọdá ààlà" ló tọ́.

"Nigeria borders Benin": Nàìjíríà bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Ẹ má kọ Bìní o, ìlú àwọn Ẹ̀dó nìyẹn.

Ti aṣọ ni ìṣẹ́tí. "Border of his garment" ni Bíbélì King James kọ ní Lúùkù 8:44. Ìṣẹ́tí aṣọ ni ti Yorùbá. Bí wọn ò bá ṣẹ́ ẹ, etí aṣọ ti tó. Ti tébù orí kọ̀ǹpútà, ìlà etí.

"It borders on insult" kò ní ààlà kankan nínú: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di èébú.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún "borderline" nínú ìwé àyẹ̀wò, torí aláìsàn ni yóò kà á. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ ọ́ pé: "Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kò tíì ga jù, ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́ ọn." Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ní kí ẹ tún un sọ, ẹ tún un kọ.