Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Ìtọ́jú Ológbò Ìta

Lóòrèkóòrè ni àwọn aláàánú máa ń pè mí sí àdúgbò kan tàbí òmíràn nílùú Ìbàdàn, pé kí n wá wo bí àwọn ṣe ń tọ́jú àwọn ológbò tí kò ní olúwa. Àpò oúnjẹ olówó ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn mí, ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè pé akọ mélòó ni wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, àti pé abo mélòó ni dókítà ẹranko ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, ojú ara wọn ni wọn yóò máa wò.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Abo ológbò lè lóyún kí ó tó pé oṣù 5, oyún náà kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 lọ, ó sì lè tún gba òmíràn nígbà tí ó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹni tí ó ń bọ́ wọn láìṣe iṣẹ́ abẹ kàn ń ra oúnjẹ sílẹ̀ de àwọn tí a kò tíì bí ni.

Àṣìṣe kejì ni wàrà màlúù. Ìgbẹ́ gbuuru ni ó ń fà; omi ni kí ẹ gbé síwájú wọn.

Àṣìṣe kẹta ni ó ń bí mi nínú jù, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ti jìyà rẹ̀. Mo yá àgò pàkúté 3 láti fi mú àwọn ológbò lọ fún iṣẹ́ abẹ, mo háyà ọkọ̀, mo sì ti sanwó sílẹ̀ fún dókítà. Láti aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni mo ti lúgọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan, tí ẹ̀fọn sì ń fi mí ṣe oúnjẹ alẹ́. Abo aláwọ̀ eérú kan rìn dé ẹnu àgò, ó gbóòórùn sàdíìnì tí mo fi sínú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀ bí ẹni tí ń múra òde. Kò sí ẹyọ kan tí ó wọlé. Nígbà tí ó di aago 9, ìyá ẹlẹ́ja díndín kan kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé, “Bàbá Ológbò, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti bá yín bọ́ wọn lọ́sàn-án, kí ebi má baà pa wọ́n kí ẹ tó dé.” Orí panla ni, ẹ̀kún abọ́ kan. N kò lè bínú sí i, nítorí pé mo sọ fún awakọ̀, mo sọ fún dókítà, mo sì gbàgbé láti sọ fún ẹni tí ń fún wọn lóúnjẹ lójoojúmọ́.

Ológbò tí ó yó kì í wọ pàkúté. Bí ó bá sì wọ̀ ọ́, ó lè bì lábẹ́ abẹ́rẹ́ akunilóorun kí èébì náà sì há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ wá gbogbo ẹni tí ń bọ́ wọn rí, títí kan ọlọ́dẹ tí ń ju eegun sílẹ̀ lóru. Fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ fi okùn so ilẹ̀kùn àgò sókè, kí ẹ sì máa gbé oúnjẹ wọn sínú rẹ̀ ní àkókò kan náà, kí ó lè mọ́ wọn lára.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán tàbí àpò ìrẹsì mú ológbò. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ológbò náà sì ti fo ògiri lọ.

Parasitamọ́ọ̀lù ń pa ológbò.

Ẹ rí i pé dókítà gé ṣóńṣó etí òsì ológbò díẹ̀ nígbà tí ó bá ń sùn lọ́wọ́ fún iṣẹ́ abẹ, kí a lè fi mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é fún un. Èmi tí mo fojú di èyí tún gbé abo kan náà padà lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ìgbà tí dókítà fá irun ikùn rẹ̀ ni ó rí àpá abẹ tirẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí.

Ní ti àwọn tí ń kó ológbò lọ dà sí ọ̀nà oko, ààtàn tí ó pe àwọn ti àkọ́kọ́ wá yóò pe àwọn mìíràn. Àdúgbò kan sanwó ọkọ̀ fún irú rẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn mi. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, mo ka ológbò 6 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn náà, etí gbogbo wọn sì pé.